Puce, wáìnì, maroon àbí mauve: èwo ni ká mú fún aṣọ ẹbí ní Àjàṣẹ́?

Bí ẹbí bá fọ́n ká Àjàṣẹ́, Kútọnu, Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ àwọ̀ aṣọ kì í tán bọ̀rọ̀. Ará Lọ́ńdọ̀nù á fi orúkọ àwọ̀ ránṣẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì lórí WhatsApp. Ará Kútọnu á kà á bí ẹni ń ka Faransé. Ìyá aláṣọ ní ọjà Wàndó á gbé èyí tó bá sún mọ́ ọn jáde. Ọjọ́ òde á pé, ẹ ó wá rí i pé ìdílé ọkọ wọ pupa, ìdílé ìyàwó wọ búráùn, bẹ́ẹ̀ orúkọ kan náà ni gbogbo wọn mú lọ sọ́jà.

Puce wà lára irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Kò wọ́pọ̀, kódà lẹ́nu àwọn tí wọ́n bí sínú Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n àwọ̀ tó wà nídìí orúkọ yẹn dára púpọ̀ lára àgbà, mo sì fẹ́ kí àwa tí à ń gbé láàárín Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ ọ́n dájú, ká lè mọ ìgbà tó yẹ ká mú un, àti ìgbà tó sàn ká fi í sílẹ̀ ká mú òmíràn.

Ohun tí puce jẹ́

Ní Àjàṣẹ́ níbí, bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ní puce lẹ fẹ́, síìmù fóònù ni wọ́n máa nà sí yín. Orúkọ tí gbogbo ìlú ń pè é nìyẹn. Ẹni tó bá gbọ́ Faransé dáadáa á tún rántí «ma puce» tí ìyá fi ń kẹ́ ọmọ rẹ̀. Ìpilẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ni kòkòrò kékeré tó máa ń fò lára ajá àti ológbò, tó ń mu ẹ̀jẹ̀ wọn. Ara kòkòrò yẹn pọ́n, ó sì ṣókùnkùn, òun ni wọ́n fi sọ àwọ̀ aṣọ lórúkọ.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní ilẹ̀ Faransé ni pé ní ọdún 1775, Ayaba Marie Antoinette wọ aṣọ sẹ́dà kan tó rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Ọba Louis XVI, wò ó, ó ní àwọ̀ puce rèé. Kíá ni gbogbo ará ààfin ti ń wá irú rẹ̀. Àwọn aláró pín àwọ̀ náà sí wẹ́wẹ́: ti ẹ̀yìn kòkòrò ọ̀tọ̀, ti ikùn rẹ̀ ọ̀tọ̀, ti itan rẹ̀ ọ̀tọ̀, ti èyí tó ti gbó àti ti èyí tó ṣì kéré. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà gbà á wọlé ní nǹkan bí àsìkò kan náà, wọ́n sì fi ìpè tiwọn pè é, «píúùs».

Nínú Gẹ̀ẹ́sì, puce ni búráùn tí pupa wà nínú rẹ̀, tí elésè-àlùkò sì fara pamọ́ sábẹ́ méjèèjì. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbọ́dọ̀ pé. Ẹ mú aṣọ náà síta sínú oòrùn, ẹ ká a pọ̀, kí ẹ wo inú ìṣẹ́po rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí elésè-àlùkò kankan níbẹ̀, ṣokoléètì ni wọ́n tà fún yín. Bí ẹ kò bá rí búráùn, wáìnì ni.

Ẹni tó bá mọ Ṣábẹ̀ẹ́ ti fojú rí ohun tó sún mọ́ ọn láìmọ orúkọ rẹ̀. Ẹ wo wàgàṣì pupa, ìyẹn wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà lọ́jà. Ọkà bàbà tí pòròpórò rẹ̀ pọ́n ni wọ́n fi ń pa á láró. Ibi tí aró náà kò bá mu dáadáa máa ń rí bíi píǹkì tó ti ṣá, ṣùgbọ́n níbi etí rẹ̀, níbi tí aró ti mu tó gbẹ mọ́ ọn, ẹ ó rí pupa, búráùn àti elésè-àlùkò lójú kan náà. Ibi etí yẹn gan-an ni mo ń tọ́ka sí.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn báyìí ni pé íntánẹ́ẹ̀tì kò ní ràn yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá wá puce lórí fóònù, èyí tó máa kọ́kọ́ jáde lè jẹ́ píǹkì tó ṣókùnkùn díẹ̀, tí nọ́ńbà rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà jẹ́ CC8899. Ẹ tún lè rí èyí tí wọ́n ń pè ní puce ti Faransé, 4E1609, búráùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Ẹ lè bá 722F37 pàdé pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà yẹn kan náà ni àwọn mìíràn fi ń júwe wáìnì. Nínú àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, àwọn kan gbà pé irú àwọ̀ ewé kan ni puce. Nítorí náà, bí ẹ̀gbọ́n yín ní Lọ́ńdọ̀nù bá kọ «puce», ẹ má ṣe náwó kí ẹ tó bi í pé èwo ló ní lọ́kàn.

Ẹ tún mọ èyí nípa ìlò rẹ̀. Nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ojú èèyàn ni ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń bá. Bí inú bá bí òyìnbó débi tí ẹ̀jẹ̀ sáré gun ojú rẹ̀, tàbí tí nǹkan há a lọ́fun, wọ́n á kọ ọ́ pé ojú rẹ̀ di puce: ó ti kọjá pupa, ó ti ń ṣókùnkùn. Bí wọ́n bá sì lò ó fún aṣọ tàbí fún àga, ó sábà máa ń dà bí ẹni pé wọ́n ń fi nǹkan náà ṣẹ̀sín. Àwọ̀ náà kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú èyí, ẹnu ayé ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí ìwé ìpè tó máa dé ọwọ́ àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù. Lórí ìwé ìpè Gẹ̀ẹ́sì, «plum brown» sàn jù. Lórí ti Faransé, «prune» yé gbogbo ènìyàn. Ní Yorùbá, «pupa rúsúrúsú tó fà sí elésè-àlùkò» gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá àgbà ní Kétu á gbọ́ ọ, á sì mọ ohun tó máa wá nínú àpótí rẹ̀.

Puce àti wáìnì

Àwọn méjì tí wọ́n máa ń gbé fún ara wọn jù nìyí. Ohun tí ará Èkó ń pè ní wáìnì ni àwa ń pè ní bordeaux, òun náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní burgundy. Orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọtí èso àjàrà ni wọ́n ti wá. Bordeaux àti Burgundy jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọtí náà ní ilẹ̀ Faransé. Níwọ̀n ìgbà tí orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tọ́ka sí ohun kan, ewu kékeré ló wà níbẹ̀. Omi ìṣápá tí wọ́n sè tó mu, tí à ń pè ní bísápù, ni kí ẹ fi sọ́kàn.

Ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wáìnì máa ń pè yín láti ọ̀ọ́kán. Pupa ni olórí nínú rẹ̀, òkùnkùn kàn bò ó ni. Puce kì í pe ẹnikẹ́ni. Ẹ ní láti sún mọ́ ọn kí ẹ tó rí i dáadáa. Ìyẹn ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀ lára ìyá àgbà àti bàbá àgbà. Agbádá puce lára bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún máa ń jẹ́ kí ojú èèyàn lọ sí ojú bàbá fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fi wáìnì ṣe agbádá kan náà, aṣọ ni àwọn èèyàn á kọ́kọ́ rí. Fún àwọn ọmọge tí wọ́n fẹ́ kí kámẹ́rà mú wọn, ohun tó yẹ gan-an nìyẹn, ẹ mú wáìnì fún wọn.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù láàárín àwọn méjèèjì, òun ni àwọn tó ń ra aṣọ sì kì í ronú kàn. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, pupa ni ojú èèyàn máa ń kọ́kọ́ pàdánù. Aṣọ aláwọ̀ ewé àti ti aláwọ̀ búlúù á ṣì hàn, ṣùgbọ́n aṣọ pupa á ti máa dúdú. Wáìnì ní pupa tó pọ̀ tó láti fara dà á fún ìgbà díẹ̀. Puce ti ṣókùnkùn tẹ́lẹ̀, nítorí náà ní nǹkan bí aago méje alẹ́, lábẹ́ àgọ́, dúdú ni ẹ ó máa wò. Bí ẹ bá wá tan gílóòbù funfun tó ń fà sí búlúù, ìyẹn èyí tí wọ́n sábà máa ń so sí àgọ́ òde, pupa inú rẹ̀ á sá pátápátá, á wá dà bí eérú. Gílóòbù tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń fà sí ìyeyè máa ń ṣe puce lóore ju ìyẹn lọ.

Nítorí náà, ìgbéyàwó mọ́ṣáláṣí ní òwúrọ̀, ìsìnkú àgbà tí wọ́n ti máa ṣe tán kí ilẹ̀ tó ṣú, ìdúpẹ́ ọjọ́ Àìkú: puce. Àìsùn àti fàájì alẹ́: wáìnì, ẹ má jáfara.

Irú aṣọ náà tún ń dá sí i. Lórí àrán, puce kò lẹ́gbẹ́, nítorí irun àrán máa ń fi ìmọ́lẹ̀ hàn lápá kan, ó sì ń fi òkùnkùn hàn lápá kejì, ìyẹn ló ń yọ elésè-àlùkò inú rẹ̀ síta bí èèyàn bá ń rìn. Lórí bazin tí wọ́n lù dán, ó dára bákan náà. Lórí lẹ́ẹ̀sì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ n kò gbà yín níyànjú rẹ̀: awọ ara máa ń hàn láàárín ihò lẹ́ẹ̀sì, awọ ara wa sì ní búráùn tirẹ̀, ó máa gbé búráùn aṣọ mì. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ lórí lẹ́ẹ̀sì gbọ́dọ̀ fi ìnú aṣọ tó ní àwọ̀ kan náà sí i. Wáìnì kò ní ìṣòro yìí rárá.

Maroon àti marron

Níbí ni owó ti ń ṣòfò jù, ẹ dákun ẹ kà á dáadáa. Marron ti Faransé, búráùn ni. Orúkọ èso kan tí wọ́n ń sun jẹ ní ilẹ̀ Faransé ni, awọ èso náà sì jẹ́ búráùn. Gẹ̀ẹ́sì yá ọ̀rọ̀ kan náà, ó kọ ọ́ ní maroon, ṣùgbọ́n ohun tó fi ń pè ni pupa tó ṣókùnkùn. Orúkọ kan ló di àwọ̀ méjì.

Ọmọ Àjàṣẹ́ tó lọ sí iléèwé Faransé láti kékeré, bó bá rí «maroon» nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Èkó, búráùn ló máa lọ rà, kò sì ní ṣiyèméjì. Ará Èkó tí wọ́n bá sì fi «marron» ránṣẹ́ sí láti ọ̀dọ̀ tiwa á rò pé a kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ni, á ra pupa. Kò sí ẹni tó jẹ̀bi nínú wọn. Aṣọ tí wọ́n ti gé kò sì ṣe é dá padà.

Ní ìfiwéra, maroon ti Gẹ̀ẹ́sì sún mọ́ wáìnì ju bó ṣe sún mọ́ puce lọ. Ìyàtọ̀ ni pé wáìnì ní elésè-àlùkò díẹ̀, maroon kò fi bẹ́ẹ̀ ní i. Marron ti Faransé ní tirẹ̀ sún mọ́ puce, ṣùgbọ́n kò ní elésè-àlùkò rárá. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má ṣe lo èyíkéyìí nínú orúkọ méjèèjì fún aṣọ tó máa sọdá ẹnubodè Ìgólò tàbí Kráké. Ẹ kọ «búráùn» tàbí ẹ kọ «wáìnì». Bí ẹnì kan nínú ẹbí bá takú pé maroon lòun fẹ́, ẹ ní kó gé àpẹẹrẹ aṣọ ránṣẹ́.

Puce àti mauve

Mauve rọrùn láti mọ̀. Elésè-àlùkò tó ti fẹ́lẹ́ ni, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì sì fohùn ṣọ̀kan lé e lórí. Orúkọ ewéko olódòdó kan ni, ìbátan ilá àti ìṣápá.

Ìtàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kan ilẹ̀ wa ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ní 1856, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 18 kan ní Lọ́ńdọ̀nù, William Henry Perkin, ń wá bí òun ṣe lè ṣe kíníìnì, oògùn ibà, láti inú nǹkan tí wọ́n ń yọ lára ọ̀dà èédú. Kò rí kíníìnì. Ohun dúdú kan ló kù sísàlẹ̀ ìgò rẹ̀, nígbà tó sì da ọtí líle sí i, elésè-àlùkò tó dán ló jáde, ó sì mọ́ aṣọ lára. Bí ayé ṣe kọ́kọ́ ní aró àtọwọ́dá tí wọ́n ń tà lọ́pọ̀ yanturu nìyẹn. Ní 1858, Ọbabìnrin Victoria wọ mauve lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni irú aró bẹ́ẹ̀ ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, òun ló sì mú kí aṣọ aláràbarà tó wà káàkiri ọjà wa lónìí ṣeé rà fún mẹ̀kúnnù.

Bí ó bá di yíyàn, mauve jẹ́ àwọ̀ òwúrọ̀ àti ti ìkómọ. Ó mọ́lẹ̀, ó sì ń bá funfun lọ. Ìdọ̀tí máa ń tètè hàn lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ eruku pupa ọ̀nà Kétu kò mọ ẹni tó wọ aṣọ ẹbí. Puce ní tirẹ̀ máa ń gba eruku yẹn mọ́ra. Ẹni tó bá máa fi aṣọ kan náà jókòó sí àgọ́ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kó mú puce.

Ọ́níọ̀n àti taupe

Ọ́níọ̀n, àwọ̀ èèpo àlùbọ́sà tí àwọn ará Èkó fẹ́ràn, ni arọ́pò puce tó rọrùn jù láti rí ní ọjà. Ó mọ́lẹ̀ ju puce lọ, píǹkì inú rẹ̀ sì pọ̀. Bí ẹ kò bá rí puce tó pé gbogbo ẹbí, ẹ ra puce fún àwọn àgbà, kí ẹ ra ọ́níọ̀n fún àwọn ọmọ. Wọ́n á bá ara wọn mu láìjẹ́ pé wọ́n jọra.

Taupe, eérú tó pò mọ́ búráùn, ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún kọ́tìnnì àti àga.

Ohun tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀

Kò yẹ ká sọ̀rọ̀ àwọ̀ títí ká gbàgbé aṣọ òkè. Mẹ́ta ni àgbà nínú wọn. Ẹtù dúdú pẹ̀lú aró, ó ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù. Sányán jẹ́ búráùn fẹ́ẹ́rẹ́. Okùn rẹ̀ láti inú ilé kòkòrò inú igbó ni, àwọ̀ tí kòkòrò náà bí i mọ́ ló ń lò. Àlàárì pọ́n, pupa tó fà sí elésè-àlùkò. Láyé àtijọ́, sẹ́dà tó gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá ni wọ́n fi ń hun ún, èyí ló fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní sányán ni baba aṣọ.

Ẹ gbé àlàárì sí ọwọ́ ọ̀tún, ẹ gbé sányán sí ọwọ́ òsì, kí ẹ wá gbé puce sáàárín. Ó gba pupa àti elésè-àlùkò lọ́dọ̀ àlàárì, ó gba búráùn lọ́dọ̀ sányán. Nítorí èyí ni mo ṣe rò pé puce bá wa mu ju wáìnì lọ nínú ìdílé tí àwọn àgbà rẹ̀ ti ní aṣọ òkè nínú àpótí. Wọn kò ní láti ra gèlè tuntun. Gèlè sányán lórí bùbá àti ìró puce máa ń wọ̀ ọ́ gan-an. Fìlà àlàárì lórí agbádá puce náà ń bẹ níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ wáìnì, àlàárì máa ń bá a jà, torí pupa méjì tí kò dọ́gba ló fẹ́ pàdé lórí ara kan. Ẹ fi ẹtù tì í dípò.

Bí owó bá sì wà, tí àkókò sì wà, àlàárì fúnra rẹ̀ ju gbogbo orúkọ òyìnbó tí mo ti ń pè láti òkè lọ. Kò sí ará Lọ́ńdọ̀nù tàbí ará Párísì tó máa ṣì í mú. Ṣùgbọ́n kò ṣeé rà fún igba ènìyàn.

Bí ẹ bá ti yàn

Ẹ gé aṣọ tó tó àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi rán ẹni tó ń lọ. Fọ́tò kò tó, nítorí kámẹ́rà fóònù máa ń tún àwọ̀ ṣe fúnra rẹ̀, àwọ̀ tó sì pa búráùn pọ̀ mọ́ elésè-àlùkò ló máa ń bàjẹ́ jù. Bí kò bá sí ọ̀nà míì àfi fọ́tò, ẹ tẹ́ aṣọ náà sórí ìwé funfun, ẹ yà á níta lábẹ́ òjìji ní ọ̀sán, kí ìwé funfun náà hàn nínú fọ́tò. Ẹni tó gbà á á wo ìwé náà kọ́kọ́. Bí ìwé bá dà bíi búlúù tàbí ìyeyè lójú rẹ̀, kó mọ̀ pé àwọ̀ aṣọ náà ti yí.

Ẹ ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, láti inú ẹrù kan náà. Aró ìgbà kan kì í dọ́gba pẹ̀lú ti ìgbà mìíràn, lára puce sì ni ìyàtọ̀ yẹn ti máa ń hàn kedere: ọ̀kan á fà sí pupa, èkejì á fà sí búráùn. Ẹ fi ọ̀pá bíi mélòó kan lé e fún àwọn tó máa ń pẹ́ dáwó.

Kí ẹ tó san owó fún ará Èkó, ẹ bi í bóyá ọ̀pá ló ń kà tàbí mítà. Lẹ́ẹ̀sì ọ̀pá 5 kò ju mítà 4 àti sẹ̀ǹtímítà 57 lọ. Télọ̀ tó ti ń retí mítà 5 á ní aṣọ kò tó, bí ẹ bá sì padà sọ́jà láti fi kún un, ẹrù mìíràn lẹ máa bá níbẹ̀.